Ìrora Tí Kò Lórúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlákáǹ tọ alábẹ lọ. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò dé. Kò sọ ohun tí ẹni tí ẹ̀gún gún yóò ṣe bí alábẹ bá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ fìrí, tí ó sì wí fún un pé, "Kò sí ẹ̀gún níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí. Máa lọ sílé." Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ. Wọ́n pọ̀ láàrin wa. A jọ ń jókòó nínú kíláàsì, a jọ ń tò fún oúnjẹ, obìnrin sì ni wọ́n.

Inú rírun ni mo ń wí. Kì í ṣe inú rírun ti ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà àná. Ti ìsàlẹ̀ ikùn ni, èyí tí í bá nǹkan oṣù wá, tí í mú ẹ̀yìn, tí í mú itan, tí í mú èébì wá, tí í dá obìnrin dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Lára àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ bá nǹkan oṣù lọ. Ó ń bá wọn gbé láti oṣù dé oṣù, láti ọdún dé ọdún. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá. Wọn yóò ní, "Kí ni ó kan ọmọkùnrin nínú èyí?" Ẹ ní sùúrù. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Èdè ni mò ń kọ́, èdè náà ni ó sì gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ gbọ́ bí àwa Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìrora obìnrin. Nígbà tí obìnrin bá ń rọbí, gbogbo ilé ni yóò dúró. Ọkọ kò ní jẹun, ìyá ọkọ kò ní sùn. Bí ọmọ náà bá dàgbà tí ó sì hùwà àìtọ́ sí ìyá rẹ̀, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a ó fi bá a wí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le koko, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a ó fi bẹ ẹni tí inú ń bí. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ọdún 16 tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú balùwẹ̀ lóṣooṣù, tí kò sì sí ọmọ tí yóò ti ibẹ̀ jáde, kí ni a ń pe ìrora tirẹ̀? A ní "inú ń run ún," bí a ti ń wí fún ọmọdé tí ó jẹ máńgòrò tí kò pọ́n. A ní "àlejò rẹ̀ dé." A ní "nǹkan oṣù." Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: nǹkan! Ohun tí ẹ̀rù ń bà wá láti pè ni a ń pè ní nǹkan. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ àṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa ọmọ ìsinsìnyí ni ó ti gbọ́ ọ rí?

Ìrora tí ó bí ọmọ ní oríkì láàrin wa; ìrora tí kò bí ohun kan kò ní orúkọ. Èyí ni mo wá bá jà, nítorí pé ohun tí kò bá lórúkọ, kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sì wá oògùn rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a sì fi ń bò ó mọ́lẹ̀. N ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni, "Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ṣe máa ń rí." Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, òun ni kò sì jẹ́ kí a tètè rí irọ́ inú rẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dé, awọ inú ilé ọmọ a máa tú èròjà kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní prostaglandin. Èròjà yìí ní í mú kí iṣan ilé ọmọ máa fún, kí ó lè ti ẹ̀jẹ̀ àti awọ tí ó ti gbó jáde. Bí ó bá pọ̀ jù, iṣan náà a fún ju bí ó ti yẹ lọ, ìrora a sì dé. Ìdí nìyí tí oògùn bí ibuprofen fi ń ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́: ó ń dín èròjà náà kù. Nítorí náà, inú rírun tí ó wọ́pọ̀ yìí pàápàá ní ìdí, ó sì ní oògùn. Ta ni ó wá pàṣẹ pé kí obìnrin máa pa á mọ́ra?

Ṣùgbọ́n àwọn ìrora mìíràn wà tí ó ju èyí lọ. Ìju wà, kókó ẹran tí í hù sínú ilé ọmọ tàbí sára rẹ̀. Àkóràn wà, tí í bá ilé ọmọ àti ọ̀nà ẹyin jà, tí ó sì lè fi àpá síbẹ̀ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ó sì máa ń pẹ́ jù kí a tó mọ̀ ọ́n ni endometriosis. Nínú àrùn yìí, ẹran ara tí ó jọ awọ inú ilé ọmọ a máa hù síbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀: sára ilé ẹyin, sẹ́yìn ilé ọmọ, sára ìfun, sára àpò ìtọ̀. Níbi tí ó bá hù sí, bí oṣù ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ni òun náà ń wú tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, bí ẹni pé inú ilé ọmọ ni ó wà. Ẹ̀jẹ̀ náà kò rí ọ̀nà jáde. Ara ibẹ̀ a wú, a gbóná. Àpá a sì máa lẹ ẹ̀yà inú kan mọ́ èkejì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 190 mílíọ̀nù obìnrin ni ó ní àrùn yìí káàkiri ayé, ìyẹn ni pé nínú obìnrin 10 tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, ó tó ẹni 1. Bí obìnrin 30 bá wà nínú kíláàsì yín, ẹ fi ìṣirò yìí wò wọ́n. Ǹjẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ṣe máa ń rí" ni a ó wí fún àwọn mẹ́ta náà? Ọ̀rọ̀ yìí ni a sì ń wí fún wọn ní gbogbo ayé, tí ó fi jẹ́ pé ọdún 4, ọdún 7, nígbà mìíràn ju ọdún 10 lọ, ní í wà láàrin ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí dókítà dárúkọ àrùn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni, "Ohun dídùn ni ó ń jẹ jù." Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Ọmọbìnrin ń yí nílẹ̀, àwọn ènìyàn rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ní ṣúgà ni, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ní kí ó lọ mu àgbo kíkorò. Jẹ̀díjẹ̀dí, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí, ìdí ni í jẹ. Kí ni ó gbé e dé ilé ẹyin? Kì í ṣe bisikíìtì ni ó gbin ìju, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni ó gbé awọ inú ilé ọmọ lọ sára ìfun. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa lápálápá. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí burú sí jù ni pé ó sọ aláìsàn di ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìrora ń ṣe é, ìtìjú tún gorí rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ní ọ̀kánjúwà ẹnu rẹ̀ ni ó kó bá a.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ìṣẹ̀dálẹ̀ wa ni mò ń bú. Àwọn baba ńlá wa kò gọ̀. Àwọn ni wọ́n sọ ìju ní ìju. Wọ́n mọ̀ pé ikùn lè wú bí ti aboyún kí ó má sì sí ọmọ níbẹ̀, wọ́n sì pe èyí ní oyún ìju. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú, síbẹ̀ wọ́n fún ohun tí ojú wọn kò tó ní orúkọ. Àwa tí a ní ẹ̀rọ ni a ń pè é ní nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó rorò jù: "Bí ó bá bímọ, yóò lọ." Òtítọ́ ni pé nǹkan oṣù a máa dúró nígbà oyún, ìrora mìíràn a sì sinmi. Ṣùgbọ́n oyún kì í ṣe oògùn àrùn yìí. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ ni ó ń jẹ ìrora náà títí di òní. Ẹ tún wo ìkà tí ó wà níbẹ̀. Endometriosis wà lára àwọn ohun tí í dí obìnrin lọ́wọ́ láti lóyún. Obìnrin ráhùn àrùn tí ó lè má jẹ́ kí ó bímọ, a ní kí ó lọ bímọ kí ó lè sàn. Ó dàbí kí a ní kí afọ́jú lọ ka orúkọ oògùn ojú lára ìgò.

Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbà mí láyè láti sọ èyí. Ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ nígbà tí mo sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn kan ní òru. Nọ́ọ̀sì wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Lọ fẹ́ ọkọ." Wọ́n fún un ní hóró paracetamol mẹ́rin. Wákàtí méje ni ó kù kí ó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Kò lè dìde lórí ibùsùn, kò sì lè ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí ó lọ ṣàlàyé, wọ́n ní kí ó mú ìwé dókítà wá. Ó mú un wá. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni pé inú rírun ni. Àwọn aláṣẹ ìdánwò ní inú rírun kì í ṣe àìsàn tí ó tó kí ènìyàn torí rẹ̀ má ṣe ìdánwò, wọ́n sì ní kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀. Ẹ wò ó bí àìlórúkọ ti gba ọdún kan gbáko lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn. Bí a bá ti kọ orúkọ àrùn gidi sínú ìwé yẹn, ta ni yóò lè bi í pé kí ló dé?

Ẹ má ṣe rò pé àwọn òyìnbó sàn jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo ẹni tí ń kọ́ èdè yóò mọ̀: hysteria. Láti inú hystera ni ó ti wá, èyí tí í ṣe ilé ọmọ ní èdè Gíríìkì. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, bí obìnrin Yúróòpù bá ráhùn ohun tí oníṣègùn kò rí ìdí rẹ̀, orúkọ yìí ni wọ́n ń sọ lù ú, ohun tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni pé kò sí ohun tí ó ń ṣe é àfi èrò ọkàn rẹ̀. Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tó yọ orúkọ náà kúrò nínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àrùn mọ̀.

Hilary Mantel, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní 2022, jẹ nínú ìyà yìí. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ tí ó ń ké ìrora, oògùn alárùn ọpọlọ ni wọ́n fún un. Botswana ni ó ń gbé nígbà tí ó fúnra rẹ̀ ṣí ìwé ìṣègùn, tí ó sì rí àrùn rẹ̀ níbẹ̀: endometriosis ni. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè kíyèsí èyí: obìnrin tí ó mọ̀wé ni ó wá orúkọ àrùn rẹ̀ rí nínú ìwé. Ẹni tí kò lè ka ìwé náà ńkọ́? Ẹni tí a kò kọ ìwé náà ní èdè rẹ̀ ńkọ́?

Èyí tí ó tún kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni pé láàrin ọ̀rúndún tí ó kọjá, a ń kọ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà pé àrùn àwọn obìnrin funfun olówó tí kò tètè bímọ ni endometriosis, àti pé ó ṣọ̀wọ́n lára obìnrin dúdú. Bí obìnrin dúdú bá jẹ̀rora, wọn a ní àkóràn ni, bí ẹni pé ìwà rẹ̀ ni ó kó o bá a. Ní 1976 dókítà Donald Chatman ní Chicago tẹ ohun tí ó rí jáde: nínú àwọn obìnrin dúdú tí ó fi ẹ̀rọ wo inú wọn, ó lé ní 20 nínú 100 tí ó ní àrùn náà, àkóràn ni wọ́n sì ti wí fún púpọ̀ nínú wọn pé ó ń ṣe wọ́n. Ní Ìbàdàn, àwọn oníṣègùn tẹ ìwádìí tiwọn jáde ní 2015. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú wọn, àwọn tí ó ní in súnmọ́ ìdajì. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ẹni tí ohun kan ti gbé dé ilé ìwòsàn, nítorí náà kì í ṣe ìdajì gbogbo obìnrin ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ó tó láti pa ẹnu ẹni tí ó ní kò sí i láàrin wa mọ́.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn alátakò yóò wí. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni, kò yẹ ní gbangba. Èsì mi ni pé ẹni tí ó ni àṣírí ni ó ní àṣẹ lórí rẹ̀. Obìnrin tí ó bá fẹ́ pa tirẹ̀ mọ́, kí ó pa á mọ́. Ṣùgbọ́n a kò bi wọ́n. Àwa ni a bá wọn pa á mọ́, a sì pe ìdákẹ́jẹ́ wa ní ìwà ọmọlúàbí. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn obìnrin kan ń fi í ṣe àwáwí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ẹnìkan parọ́ ibà kí a kó gbogbo oògùn ibà dà sígbó.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Èkíní, kí gbogbo wa mọ àmì. Bí ìrora nǹkan oṣù bá ń dí obìnrin lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́, bí oògùn ìrora kò bá ràn án, bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn ún lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti lọ, bí ó bá ń jẹ̀rora nígbà tí ó bá ń tọ̀ tàbí tí ó ń yàgbẹ́ tàbí tí ó bá wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó lọ rí dókítà tí í tọ́jú àìsàn obìnrin. Bí wọ́n bá ní kí ó lọ fẹ́ ọkọ, kí ó lọ bá dókítà mìíràn. N kò ní tan yín: kò tíì sí oògùn tí í lé endometriosis lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n oògùn ìrora wà, oògùn họ́mọ̀nù wà tí í dá nǹkan oṣù dúró tàbí tí í dín in kù, iṣẹ́ abẹ sì wà. Ìju ṣeé yọ. Àkóràn ní oògùn tirẹ̀.

Èkejì, kí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa kọ ọ́ sínú òfin ìdánwò pé àìsàn ni èyí. Ní Zambia, òfin iṣẹ́ wọn ti 2019 gba obìnrin òṣìṣẹ́ láyè láti sinmi ní ọjọ́ 1 lóṣù láìmú ìwé dókítà wá. Ohun rere ni. Síbẹ̀ ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń pe ọjọ́ náà: Ọjọ́ Ìyá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí kò bímọ rí ní ẹ̀tọ́ sí i. Níbẹ̀ náà, ìrora ní láti wọ aṣọ ìyá kí ó tó rí àyè jókòó.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwa tí ń kọ́ èdè. Dókítà John Sampson ti Albany ní Amẹ́ríkà ni ó fún àrùn yìí ní orúkọ tí a ń pè é, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni ó ṣà jọ: endo, tí í ṣe inú, àti metra, tí í ṣe ilé ọmọ. Bí ọmọ Amẹ́ríkà bá lè yá Gíríìkì lò, kí ni ó dè wá lọ́wọ́ tí a kò fi lè lo èdè ìyá wa? Èmi dábàá àṣáko, nítorí pé awọ ilé ọmọ ni ó ṣáko lọ síbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó mú un wá sínú ìwé ìròyìn yìí kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. N kò ní bínú. Ohun tí n kò ní gbà ni kí a tún padà sí "nǹkan."

Títí dìgbà náà, ìbéèrè kan wà tí kò gba owó, tí kò sì gba òfin. Bí obìnrin kan bá wí fún yín pé inú ń run òun, ẹ má ṣe dárúkọ ṣúgà, ẹ má ṣe dárúkọ ọkọ. Ẹ bi í pé, "Láti ìgbà wo?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.